Ìpá Inú Àyà Ọmọ Tuntun: Títètè Mọ̀ Ọ́n Ni Ìdajì Ìwòsàn

Bí obìnrin bá wà nínú oyún, àdúrà tí tẹbí tọ̀rẹ́ máa ń gbà fún un kò ju ọ̀kan lọ: kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ohùn ọmọ yìí ni gbogbo ilé máa ń dẹtí sí ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bí ọmọ bá ti ké, ọkàn gbogbo ènìyàn a balẹ̀, àwọn àgbà a dúpẹ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí múra ìkómọjáde.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹkún àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyọnu wọn. Nínú ìyá wọn, ara wọn le. Wọ́n ń yí, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, agbẹ̀bí sì ń gbọ́ bí ọkàn wọn ti ń lù. Kété tí wọ́n bá jáde sáyé, tí ó wá di pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dọ̀fóró ara wọn mí, ètè wọn a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú bí aró, àyà wọn a máa sáré lọ sókè sódò, ẹkún wọn a sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ ti dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni àròyé máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a ní àbíkú ni. Àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ ayé ni, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú burúkú wo ìyá ọkọ tàbí orogún. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a di ẹ̀bi náà ru ìyá ọmọ: wọn a ní ó gbé ẹrù wúwo, wọn a ní ó rìn ní ọ̀sán gangan, wọn a ní ó jẹ ohun tí aboyún kì í jẹ. Obìnrin tí kò tíì sunkún ọmọ rẹ̀ tán a tún máa wá bá ẹ̀sùn jà.

A kò sọ pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń pa gbogbo ọmọ tí ó bá kú ní ọjọ́ tí a bí i. Ohun tí ó ń pa ọmọ tuntun pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàrin wọn tí ojú lè rí ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí a tó bí ọmọ, tí a sì lè tipa bẹ́ẹ̀ múra dè é. Òun ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi sọ lónìí. Ìpá inú àyà ni a ó máa pè é.

ÒGIRI TÍ KÒ PA DÉ

Kò sí ẹni tí kò mọ ìpá láàrin wa. Ibi tí ẹran ara kò bá ti lágbára ni ìfun máa ń gbà yọ, tí ó sì máa ń wú ní abẹ́ ikùn. Ìpá tí a ń sọ yìí kò gba ìsàlẹ̀ lọ, òkè ni ó gbà.

Ẹni tí ó bá ti kun ẹran rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ẹran pẹlẹbẹ kan wà tí ó tẹ́ bí awọ ìlù láàrin àyà àti ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà lókè rẹ̀. Ẹ̀dọ̀, àpò oúnjẹ àti ìfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹran yìí ni ògiri tí ó pààlà sáàrin wọn, òun náà sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ nígbà tí a bá ń mí. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró a fẹ̀, atẹ́gùn a wọlé. Bí ó bá padà sókè, atẹ́gùn a jáde.

Láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún ni ògiri yìí máa ń mọ. Kì í ti ibì kan ṣoṣo hù wá. Ègé ẹran láti ọ̀nà bíi mélòó kan ni yóò wá pàdé, tí wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nínú àwọn ọmọ kan, ègé kan kì í dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, ihò a sì ṣẹ́ kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá ẹ̀yìn ni ihò náà máa ń wà. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 100, bíi 80 sí 85 ni ihò tiwọn wà ní apá òsì. Onímọ̀ kan ní ìlú Prague, Vincent Bochdalek, ni ó kọ̀wé nípa ihò ẹ̀yìn yìí ní ọdún 1848, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà sì fi ń pè é títí di òní.

Ẹ fojú inú wo ilé oníyàrá méjì. Pálọ̀ wà ní iwájú, yàrá tí a ń kó ẹrù sí wà ní ẹ̀yìn. Bí ògiri tí ó pààlà wọn bá lu, ẹrù a bẹ̀rẹ̀ sí yí bọ́ sí pálọ̀. Bákan náà ni ìfun àti àpò oúnjẹ ọmọ, àti ẹ̀dọ̀ nígbà mìíràn, ṣe máa ń gba inú ihò yìí gòkè lọ sí àyà. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò ní ààyè láti dàgbà mọ́. Ẹrù tí ó gòkè náà a sì tún ti ọkàn sí apá kejì, ọkàn a wá fún ẹ̀dọ̀fóró ti ẹ̀gbẹ́ kejì pa. Nígbà tí oyún bá fi pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì lè kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú wọn a nípọn, wọn a sì há, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà gbà kọjá dáradára láti lọ gba atẹ́gùn.

Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà nínú, èyí kò ní pa á lára, nítorí pé ibi ọmọ ni ó ń bá a gba atẹ́gùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ìdí nìyí tí aboyún kì í fi í mọ ohunkóhun lára. Ọjọ́ tí a bá gé ìwọ́ ni ọmọ yóò wá nílò ẹ̀dọ̀fóró tí kò ráyè dàgbà.

Bíi ọmọ 1 nínú 2,500 sí 3,000 ni a ń bí pẹ̀lú ìpá yìí káàkiri ayé. Kò mọ̀ funfun, kò mọ̀ dúdú, kò mọ̀ olówó, kò mọ̀ tálákà. Nínú àwọn ọmọ kan, àbùkù mìíràn máa ń bá a rìn, bí i ti ọkàn, tàbí ti àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ jogún. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, a kò rí ohun kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Ohun tí ó dájú ni pé ẹrù tí ìyá gbé kọ́, oúnjẹ tí ó jẹ kọ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹnikẹ́ni sọ kọ́. Kí obìnrin tó ń rò pé òun tilẹ̀ lóyún dáadáa ni ògiri yẹn ti ń mọ. Bí ìpá náà bá sì dá wà láìsí àbùkù mìíràn, kò wọ́pọ̀ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ìyá náà yóò bí lẹ́yìn rẹ̀: bíi 1 sí 2 nínú 100 ni.

ÌDÍ TÍ ABẸ NÌKAN KÒ FI TÓ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kò le: kí wọ́n la inú ọmọ, kí wọ́n dá ìfun padà sáyè rẹ̀, kí wọ́n sì rán ihò náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà náà rò. Ní ọdún 1946, dókítà Robert Gross ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ròyìn bí òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé, tí ọmọ náà sì yè. Inú gbogbo àwọn oníṣẹ́ abẹ dùn. Láti ìgbà náà lọ, fún nǹkan bí 40 ọdún, àṣà tí wọ́n mú ni pé bí a bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa sáré gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ì báà ṣe ọ̀gànjọ́ òru.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ń rán ihò náà bí ó ti yẹ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990 ni ó wá yé wọn yékéyéké pé ihò kọ́ ni ọ̀tá. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò dàgbà àti ìfúnpá inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ti atẹ́gùn pẹ̀lú agbára sínú ẹ̀dọ̀fóró kékeré bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ya á.

Láti ìgbà náà ni ètò ti yí padà. Ní òde òní, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ náà ni kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà èémí rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa fi ìrọ̀rùn bá a mí. Wọ́n a fi rọ́bà mìíràn gba imú rẹ̀ dé inú àpò oúnjẹ, kí afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ lè máa jáde, kí ó má baà fẹ̀ sínú àyà. Wọ́n a fún un ní oògùn tí yóò ran ọkàn lọ́wọ́. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá òkè òkun, ẹ̀rọ kan tún wà tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ sí ìta, tí ó ń fi atẹ́gùn sí i, tí ó sì ń dá a padà, kí ẹ̀dọ̀fóró lè sinmi. Dókítà Robert Bartlett ni ó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ gba ẹ̀mí ọmọ tuntun là ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1975.

Lẹ́yìn tí ara ọmọ bá balẹ̀, bóyá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń tó mú abẹ. Wọ́n a la abẹ́ egungun ìhà ọmọ, wọ́n a rọra fa ìfun àti àwọn ohun yòókù wálẹ̀, wọ́n a sì rán ihò náà. Bí ihò bá tóbi ju ohun tí a lè fà pọ̀ lọ, wọ́n a fi ohun kan tí ó dà bí aṣọ lẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí ó lẹ ṣòkòtò. Ẹ kíyè sí i: ìdúró ni ó gba ọmọ náà là, kì í ṣe ìkánjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi dúró, èyí ni ẹ̀rọ, oògùn àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ọmọ bá dé ayé.

OJÚ TÍ Ń WO INÚ

Báwo ni a ó ṣe wá mọ̀ kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ náà tó dé? Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán ọmọ nínú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní síkáànù. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow ni ó fi han ayé ní ọdún 1958 pé a lè fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ohun tí ó wà nínú aboyún. Ìró náà a wọlé, a kan ara ọmọ, a sì padà bí ohùn tí ó ta padà lára òkè. Ẹ̀rọ a wá sọ ọ́ di àwòrán.

Láàrin ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, èyí tí í ṣe nǹkan bí oṣù karùn-ún oyún, ọmọ ti tóbi tó kí a lè wo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ tí ara rẹ̀ pé, ọkàn yóò wà ní apá òsì àyà, ẹ̀dọ̀fóró yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àpò oúnjẹ yóò sì hàn bí ìtọ̀ omi dúdú kékeré ní ìsàlẹ̀, nínú ikùn. Nínú ọmọ tí ó ní ìpá ti apá òsì, ìtọ̀ dúdú yẹn ni a ó rí ní ẹ̀gbẹ́ ọkàn, nínú àyà, ọkàn fúnra rẹ̀ yóò sì ti sún sí apá ọ̀tún. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wò yóò rí i.

Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọn ẹ̀dọ̀fóró tí ó kù, tí wọn yóò sì fi wé ìwọ̀n orí ọmọ. Wọn yóò wò ó bóyá ẹ̀dọ̀ náà ti gòkè, nítorí pé bí ẹ̀dọ̀ bá ti wà lókè, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò yẹ ọkàn wò dáradára pẹ̀lú. Nípa báyìí, wọn yóò mọ ẹni tí a retí pé yóò yè àti ẹni tí ìjàkadì rẹ̀ yóò le.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni síkáànù máa ń rí. Ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, tí ẹ̀rọ pọ̀, àwọn kan a máa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a ń rí, ọmọ tí a bá sì ti rí, a ti mọ ibi tí ó yẹ kí a bí i sí.

Àwọn ará wa, ó yẹ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá lọ fún síkáànù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń bi wọ́n: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ìbéèrè náà kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á fi òmíràn ṣáájú rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo àyà ọmọ yìí. Ṣé ọkàn rẹ̀ wà ní apá òsì? Ṣé àpò oúnjẹ rẹ̀ wà nísàlẹ̀?" Bí ẹni tí ó ń ya àwòrán náà kò bá lè dáhùn, kí a lọ sí ibi tí wọn yóò ti dáhùn.

ÀWỌN TÍ Ó LỌ BÁ ỌMỌ NÍNÚ OYÚN

Nígbà tí a ti lè rí ìpá yìí kí a tó bí ọmọ, àwọn kan bèèrè pé kí ló dé tí a kò lọ bá a nínú ibẹ̀. Dókítà Michael Harrison ti ìlú San Francisco ni ó ṣíwájú wọn. Ó kọ́kọ́ fi àgùntàn tí ó lóyún dán an wò, lẹ́yìn náà ni ó wá la inú ìyá, tí ó la ilé ọmọ, tí ó sì rán ihò náà fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ní ọdún 1990 ni ó ròyìn àkọ́kọ́ tí ó yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi èsì iṣẹ́ yìí wé ti àwọn ọmọ tí a kàn bí sí ilé ìwòsàn dáradára, ní ọdún 1997, wọn kò rí èrè tí ó fi jù ú lọ. Àwọn ọmọ tí ẹ̀dọ̀ wọn ti gòkè, tí ó yẹ kí iṣẹ́ abẹ náà ràn lọ́wọ́ jù, ni kò tilẹ̀ bá lára mu.

Nígbà náà ni wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú oyún máa ń ṣe omi, omi náà a sì máa gba ọ̀nà èémí jáde. Bí a bá dí ọ̀nà náà, omi a sé sínú, ẹ̀dọ̀fóró a sì máa nà, a máa dàgbà. Wọ́n wá ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ojú lẹ́nu gba ikùn ìyá wọlé, tí wọ́n ń gba ẹnu ọmọ lọ sí ọ̀nà èémí rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi bàlúùnù kékeré kan sí i. Ní ọdún 2003, Harrison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìdánwò tí wọ́n ṣe fún aboyún 24 nípa dídí ọ̀nà èémí yìí, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàrin àwọn tí a ṣe é fún àti àwọn tí a kò ṣe é fún.

Dókítà Jan Deprest ti ìlú Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò jẹ́ kí ó sú wọn. Wọ́n pín àwọn aboyún sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ọmọ wọn ti le sí, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2021. Nínú àwọn tí tiwọn le jù lọ, aboyún 80 ni wọ́n lò. Nínú 40 tí wọ́n fi bàlúùnù sí fún ọmọ wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 27 sí 29, ọmọ 16 ni ó yè tí ó sì délé. Nínú 40 tí wọn kò fi sí fún, 6 péré ni. Nínú àwọn tí tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 196, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò tó èyí tí a lè gbára lé.

Èrè náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn tí tiwọn le, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí a fi bàlúùnù sí fún ni ó bímọ kí oṣù tó pé. Ọmọ kan sì kú nítorí pé wọn kò rí bàlúùnù náà yọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ibi tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dunjú nìkan ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti rìn lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé gbogbo ìsapá yìí, láti Boston títí dé Leuven, orí kókó kan náà ni ó dúró lé: kí a mọ̀ ṣáájú.

KÍ NI KÍ ARÁ WA TÍ Ó WÀ LÓKÈ ỌYA ṢE?

Ní ọdún 2021 kan náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní The Lancet tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74. Àbùkù méje tí a ń bí mọ́ ọmọ ni wọ́n wò, ìpá inú àyà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bíi ọmọ 6 nínú 100 ni ó kú. Ní àwọn tí kò là tí kò ṣagbe, bíi 20 ni. Ní àwọn tí ó tálákà jù, bíi 40 ni. Àbùkù kan náà ni, ibi tí a bí ọmọ sí ni ó yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò nira. Èkíní, kí aboyún tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kí ó má dúró di oṣù keje. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní ọdún 2016 pé kí aboyún bá àwọn onímọ̀ ìlera pàdé nígbà 8, kí ó sì ya síkáànù ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24.

Èkejì, bí wọ́n bá rí ìpá yìí, kí a má bí ọmọ náà sí ilé tàbí sí ilé ìwòsàn kékeré, bó ti wù kí agbẹ̀bí ibẹ̀ lọ́yàyà tó. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà nítòsí wa. Ó wà ní Sáríà, ó wà ní Kánò, ó wà ní Jọ́ọ̀sì, ó wà ní Màídúgùrì, bí ó ti wà ní Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti lè rí àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó kọ́ṣẹ́ nípa ọmọdé. Kí a lọ bá wọn kí oṣù tó pé, kí a jọ ṣètò ọjọ́ àti bí a ó ti ṣe é. Kò di dandan kí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí ìyá, ibi tí yóò bímọ sí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń gbé ní ẹ̀yìn odi ní pàtàkì. Ó wọ́pọ̀ láàrin wa kí ọkọ fi ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èjìgbò láti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí káàdì ìtọ́jú àti èsì síkáànù bá a lọ, kí ó má fi wọ́n sílẹ̀ sínú àpótí ní Kánò. Bí ìrìn àjò bá sì pọn dandan nítorí ìpá yìí, kí a rìn ín nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú. Kò sí ọkọ̀ tí ó dára tó inú ìyá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó wà nínú ń rí atẹ́gùn gbà ní gbogbo ọ̀nà. Ọmọ tí a ti bí, tí kò lè mí, kò lè gba ojú ọ̀nà gígùn lọ láìsí ẹ̀rọ.

BÍ A KÒ BÁ MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Bí a bá bí ọmọ tí ó ń mí gúlegúle, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí àyà rẹ̀ yọ síta ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí a sì ń gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí agbẹ̀bí tètè ronú kan ìpá yìí. Kí a má fún un lọ́mú, kí a má rọ àgbo sí i lẹ́nu. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń dé mọ́ imú àti ẹnu ọmọ, tí wọ́n ń tẹ̀, a máa ṣe àwọn ọmọ yòókù lóore, ṣùgbọ́n ìfun àti àpò oúnjẹ tí ó wà nínú àyà ni ó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí fún irú ọmọ yìí. Rọ́bà tí ó wọ ọ̀nà èémí tààrà ni ó yẹ ẹ́. Nítorí náà, kí a gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti lè ṣe é, láìjáfara.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí ihò tiwọn kò fa wàhálà ní ọjọ́ tí a bí wọn. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, tí wọ́n ń bì, tí a ń tọ́jú òtútù àyà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí kò lọ. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa irú wọn. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó wo fọ́tò X-ray wọn a rò pé omi tàbí afẹ́fẹ́ ni ó kún àyà, bí ó bá sì fi rọ́bà gún un láti fà á, ìfun ni yóò gún. Ìròyìn ayọ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ráyè dàgbà, nítorí náà, bí a bá mọ ohun tí ó ń ṣe é, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni iṣẹ́ abẹ ń wò sàn pátápátá.

Ọmọ tí ó bá yè nínú ìpá yìí ṣì nílò àmójútó. Oúnjẹ lè máa padà sí i lẹ́nu, ara rẹ̀ lè má tètè san, etí rẹ̀ nílò àyẹ̀wò, ìpá náà sì lè tún yọ. Kí a máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá dá ọjọ́, kódà bí ó bá ń sáré kiri àgbàlá.

Àwọn bàbá wa tí kò ní ẹ̀rọ tí ó ń wo inú ṣe ohun tí agbára wọn mọ. Wọ́n fi orúkọ bẹ ọmọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Orúkọ náà dára, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà láyé lónìí ní ojú tí àwọn kò ní. Ẹ jẹ́ kí á lò ó ní oṣù karùn-ún, kí a sì sọ ẹ̀bi kalẹ̀ kúrò lórí àwọn ìyá tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.